Owó Ẹnubodè àti Àlejò Ọjọ́ Kan

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kí oòrùn tó mú, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá wọ ọkọ̀ ní Bouaké, a sì kọrí sí Sakassou. Ìlú náà kò jìnnà. Bí 40 kìlómítà ni ó fi jìnnà sí Bouaké, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo wá lè má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn Baoulé mọ̀ ọ́n dáradára, nítorí pé níbẹ̀ ni ìtẹ́ ọba Walèbo wà, èyí tí wọ́n ń tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ayaba Abla Pokou. Ìtàn wọn sọ pé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi, obìnrin yìí kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, àti pé nígbà tí wọ́n dé etí odò Comoé tí wọn kò rí ọ̀nà kọjá, ó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ sí odò náà kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè là. Sakassou tí mo ń wí yìí kì í ṣe Tanou-Sakassou o, ìletò àwọn amọ̀kòkò tí ó wà nítòsí Bouaké. Orúkọ wọn jọra, ọ̀nà wọn kò jọra.

Bí a ti ń lọ ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bi mí pé, “Tíṣà, èló ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ wa kí a tó wọ ìlú?” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún un pé kò sí ẹni tí í gba owó lọ́wọ́ ènìyàn kí ó tó wọ Sakassou. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Bouaké ni a bí i sí. Èjìgbò ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ń bẹ ní Côte d'Ivoire. Ó gbọ́ Baoulé àti Dioula ju bí ó ti gbọ́ Yorùbá lọ. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ó bá àwọn ọ̀dọ́ kan lọ wo ibi ìran kan tí èmi kò ní dárúkọ. Iye méjì ni a kọ sí ara pátákó níbẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ ìlú, èkejì fún àjèjì. Ẹni tí ń gba owó wo ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, ó rí orúkọ rẹ̀, ó sì ní kí ó san iye ti àjèjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ fún un, ó sì bá wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè ròyìn ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí àwọn lọ wò, nítorí pé omijé kò jẹ́ kí òun ríran.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi títí tí mo fi gbé kálàmù. Mo fẹ́ kí a jọ wádìí owó tí àwọn ìlú kan ń gbà lọ́wọ́ àlejò tí ó wọlé ní òwúrọ̀ tí ó sì jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ óò máa kó ọmọ ènìyàn lọ wo ìlú ní ọjọ́ iwájú, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ óò bá pàdé ní ẹnubodè àti èsì tí ẹ óò fún ọmọ tí ó bá bèèrè irú ìbéèrè yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú owó tí a ń sọ. Ẹni tí ó bá lọ sí Òṣogbo yóò san owó kí ó tó wọ igbó Òṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dá a dúró ní ẹnu ìlú Òṣogbo fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Owó ibi ìran nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó ń bá a jà. Owó mìíràn tún wà tí ilé-ìtura ń bá ìjọba gbà lórí ibùsùn àlejò. Èyí tí mo ń wí yàtọ̀ sí méjèèjì. Kì í ṣe ti ilé kan tàbí òkè kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ibùsùn. Nítorí pé ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú ni a ṣe ń gbà á.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìtàn ilẹ̀ Yorùbá yóò sọ pé kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú ńláńlá wa ní odi, odi ní ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà sì ní oníbodè tí ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ọjà kọjá. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ní ìjọba tiwọn, láti 1898 títí di 1914, owó bodè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìjọba náà fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹrù ni oníbodè ayé àtijọ́ ń wò. Oníṣòwò ni ó ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé oníṣòwò yóò jèrè nínú ìlú. Ẹni tí ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ oníbodè. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, nítorí pé ìlú tí mo fẹ́ mú yín lọ nísinsìnyí ti yí i padà pátápátá.

Ìlú náà ni Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Orí omi ni ó wà. Erékùṣù kéékèèké tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni a fi afárá so pọ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ni ọkọ̀ wọn. Ní 1951, bí 175,000 ènìyàn ni ń gbé inú ìlú àtijọ́ náà. Ní 2022, wọn kò tó 50,000 mọ́. Ilé tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀ di ibùsùn fún àlejò. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì kó lọ, ẹni tí ń ta ìbòjú àti ohun ìrántí gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní 2023, àwọn ẹgbẹ́ olùgbé ìlú tí ń ka nǹkan wọ̀nyí fi hàn pé ibùsùn àlejò ti pọ̀ ju àwọn onílé lọ. Ẹ gbìyànjú láti fojú inú wò ó: ìlú tí àlejò lè sùn tán kí ọmọ onílé má sì rí ilé háyà!

Àlejò tí ó sùn ń san owó orí ibùsùn. Èyí tí ìlú ń ráhùn lé lórí jùlọ ni àlejò ọjọ́ kan. Yóò fi ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì wá ní òwúrọ̀, yóò dúró lórí afárá tóóró kan ya àwòrán tí ìyá arúgbó tí ó ti ọjà bọ̀ kò fi ní rí ibi kọjá, yóò jẹ oúnjẹ tí ó gbé ti ilé wá, yóò sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú ni yóò kó ìdọ̀tí rẹ̀. Nítorí èyí, òfin ìṣúná Ítálì ti oṣù Kejìlá ọdún 2018 fún Venice ní àṣẹ láti gba owó ìwọlé. Omi ya wọ ìlú náà ní oṣù Kọkànlá 2019, ó ga tó 187 sẹ̀ǹtímítà. Kété lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé tí gbogbo ayé fi ti ilẹ̀kùn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sún un síwájú títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á. Ọjọ́ 29 tí èrò máa ń pọ̀ jù ni wọ́n yàn ní 2024, láàrin oṣù Kẹrin àti oṣù Keje. Láti agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òfin náà ń ṣiṣẹ́; ẹni tí ó bá wọlé lẹ́yìn náà kò jẹ gbèsè. Yúrò 5 ni owó náà. A ń san án láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, a ó sì gba àmì onígun mẹ́rin kan tí àwọn olùṣọ́ ń fi ẹ̀rọ kà ní ibùdókọ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà ìlú. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní àmì yìí lè san owó ìtanràn láti yúrò 50 dé 300. Ní 2025, wọ́n sọ ọjọ́ 29 di 54, wọ́n sì fi ọgbọ́n kan kún un: ẹni tí ó bá tètè sanwó, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, yúrò 5 ni yóò san, ẹni tí ó bá fi falẹ̀ yóò san 10. Fún 2026, ọjọ́ 60 ni wọ́n kéde.

Àwa tí a ń ná fáráǹkì CFA lè ṣírò rẹ̀ ní kíákíá, nítorí pé a ti so owó wa mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ fáráǹkì 655.957. Yúrò 5 nígbà náà súnmọ́ 3,280 fáráǹkì, yúrò 10 sì súnmọ́ 6,560.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò kan, nítorí pé òun ni ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún mi ju àròyé lọ. Ní 2024, àwọn tí ó sanwó tó 485,000, owó tí ó wọlé sì jẹ́ bí yúrò mílíọ̀nù 2.4. Ní 2025, àwọn tí ó sanwó jẹ́ bí 720,000, owó sì tó mílíọ̀nù 5.4. Ẹ fi 720,000 pín mílíọ̀nù 5.4, ẹ ó rí yúrò 7 ààbọ̀ lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí àwọn kan bá san 5, tí àwọn yòókù san 10, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 7 ààbọ̀, a jẹ́ pé ìdajì san 5, ìdajì sì san 10. Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé nínú àlejò méjì tí ó sanwó, ọ̀kan kò ka ọ̀rọ̀ ‘tètè sanwó’ sí. Ó ti pinnu láti wá. Ó wá, ó sì san ìlọ́po méjì. Owó náà kò dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kí èrò lè dín kù ni wọ́n ṣe gbé ẹnubodè kalẹ̀, ẹnubodè náà kò ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Bí ó bá sì jẹ́ pé nítorí owó ni, ó ṣe é.

Àwọn onílùú kan ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024 yẹn gan-an, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn péjọ ní ẹnu ọ̀nà ìlú láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé ìlú kì í ṣe ilé ìran; ẹni tí a bá já tíkẹ́ẹ̀tì fún yóò máa rò pé òun ti ra ohun tí òun wá wò, àti pé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ wà lára ohun tí òun rà. Àwọn aláṣẹ ìlú dáhùn pé kì í ṣe nítorí èrè ni àwọn ṣe ń gbà á. Ó yẹ kí àwọn mọ iye ènìyàn tí ń bọ̀, kí wọn sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ìnáwó ìlú. Èmi kò lè sọ pé ẹjọ́ àwọn aláṣẹ burú pátápátá. Ẹni tí ó bá ti gbé nítòsí ọjà ńlá kan mọ iye tí ó ń náni láti gbá ilẹ̀ lẹ́yìn tí èrò bá tú ká.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí bí oníbodè ti yí padà? Ti àtijọ́, ẹni tí ó gbé ẹrù ni í dá dúró. Ti Venice, ẹni tí ó fa àpótí ẹrù lọ sí ilé-ìtura kò san kọ́bọ̀ ní ẹnubodè, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni yóò san. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mo sì rí i pé kì í ṣe aṣiwèrè ni ó ronú rẹ̀. Ẹni tí ó sùn ti san tirẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀, tálákà ni ó sábà máa ń jẹ́ àlejò ọjọ́ kan, nítorí pé kò lè san owó ilé-ìtura.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, ibi tí ó súnmọ́ èyí jùlọ tí mo mọ̀ ni erékùṣù Gorée, tí ó kọjú sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ọkọ̀ ojú omi gbé ènìyàn dé ibẹ̀ ní bí ogún ìṣẹ́jú. UNESCO kà á mọ́ ogún ayé ní 1978 nítorí ìrántí òwò ẹrú, púpọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ń lọ síbẹ̀ kì í sùn. Ó ti pẹ́ tí ìlú náà ti ń gba 500 fáráǹkì lọ́wọ́ àlejò tí ó bá gúnlẹ̀, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì bára mu, nítorí pé ọmọ erékùṣù, ará Sẹ̀nẹ̀gà, ará Áfíríkà yòókù àti ẹni tí ó ti òkèèrè wá, olúkúlùkù ní iye tirẹ̀. Ó rọrùn níbẹ̀, nítorí pé ẹnu kan ṣoṣo ni Gorée ní. Ìlú tí ó ní ojú ọ̀nà mẹ́wàá ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni bá dìde lónìí láti sọ pé kí a gbé ẹnubodè sí Bouaké, ìdènà ọ̀nà ni yóò fi ṣe é, àwọn ará Bouaké kò sì nílò kí a ṣàlàyé ìdènà ọ̀nà fún wọn. Láàrin 2002 àti 2011, nígbà tí ilẹ̀ yìí pín sí méjì tí ìlú yìí sì jẹ́ ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n sanwó ní orí ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mọ iye rẹ̀ lórí.

Nísinsìnyí, mo padà sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nígbà tí mo ka òfin Venice, ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni àwọn tí kì í san. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í san. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú kì í san, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe láti Cotonou ni ó ti wá. Olùgbé ẹkùn Veneto, tí Venice jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, kì í san. Ẹni tí a bí ní Venice kì í san, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lọ ń gbé ní ibòmíràn. Ẹ tún un kà, ẹ ó rí i pé kò sí ibì kan tí a ti bèèrè ibi tí bàbá ènìyàn ti wá. Ibi tí a bí ọ sí, ibi tí o ń gbé, ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́: ìwọ̀nyí ni wọ́n ń wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọmọbìnrin wa, Bouaké ni a bí i sí, Bouaké ni ó ń gbé, Bouaké ni ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní Côte d'Ivoire, òfin jíjẹ́ ọmọ ìlú ń wo òbí kí ó tó wo ibi ìbí. Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn, kì í ṣe ibí ni a ó ti tú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe adájọ́ jíjẹ́ ọmọ ìlú, kò sì yẹ kí a fi í ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Àwọn ọmọ ìlú ń san owó orí tí a fi ń tún ibi ìran ṣe, kí àjèjì san jù wọ́n lọ, kí ni ó burú níbẹ̀?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, èmi náà sì gbà á fún ẹni tí ó fi ọkọ̀ òfuurufú wá láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ yìí ń san owó ọjà ní Bouaké, ó ti ń san án kí a tó bí ọmọ náà. Bí a bá fẹ́ ya iye sí méjì, kí a kọ ‘olùgbé’ sí ara pátákó dípò ‘ọmọ ìlú’, kí a sì kọ ibi tí owó náà ń lọ sí abẹ́ rẹ̀. Ìkejì yìí ni ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n jùlọ.

A dé Sakassou ní agogo mẹ́wàá. Àgbà kan tí a ti ránṣẹ́ sí ṣáájú gbà wá sí àgbàlá rẹ̀. Àṣà àwọn Baoulé ni pé a kì í béèrè ohun tí àlejò bá wá kí ó tó jókòó. Wọ́n fún wa ní àga, wọ́n fún wa ní omi mu. Lẹ́yìn náà ni àgbà náà ti ẹnu agbẹnusọ bèèrè ìròyìn wa. Ọmọbìnrin náà ni ó ròyìn fún un ní èdè Baoulé: ibi tí a ti wá, ohun tí a ń kọ́, ìdí tí a fi wá. A gbé ìgò ọtí tí a mú lọ́wọ́ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rọra sọ fún mi ní etí pé, “Tíṣà, owó ẹnubodè náà nìyí.” Ìgò náà wọ́n ju 3,280 fáráǹkì lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi ni mo rà á. Nígbà tí a ń padà, a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà títí a fi wọ Bouaké. Àwọn kan ní owó ni owó ń jẹ́, bí a tilẹ̀ rọ ọ́ sínú ìgò. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó gba ọtí náà jókòó tì wá fún wákàtí méjì, ó sì sọ ìtàn fún wa láìwo aago. Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀ sọ pé wọn kò béèrè orúkọ òun títí òun fi ròyìn tán.

Kí a tó kúrò, a tọrọ ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ibẹ̀. Àgbà náà fún wa ní ìdajì ọ̀nà, ó mú ìdajì yòókù sọ́wọ́, kí a lè ní ìdí láti padà wá.

Iṣẹ́ tí mo fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nìyí. Kí olúkúlùkù lọ sí ibi ìran kan ní ìlú tirẹ̀, ní Ouidah, ní Iléṣà, ní Lomé tàbí ní Grand-Bassam, kí ó kọ ohun tí ó wà lára pátákó owó níbẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an: iye mélòó ni ó wà, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi pe ẹni tí yóò san èyí tí ó pọ̀ jù, ìwé wo ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n.